Ooru ní ìṣirò: Ohun tó ń jẹ igi ìyá oníyán tán

Igi ìdáná kì í purọ́. Béèyàn bá kó o sínú ààrò, yóò jó, ooru rẹ̀ yóò sì lọ síbì kan. Ìbéèrè tó wà ńlẹ̀ ni pé, ibo ló ń lọ? Ọ̀pọ̀ ìyá olóúnjẹ ló ń ná owó igi, owó èédú, owó karosíìnì, títí dórí owó gáàsì, tó jẹ́ pé bí ilẹ̀ bá ṣú, wọn ò lè sọ pàtó iṣẹ́ tí owó náà ṣe. Wọ́n á kàn ní, "Iná ti jẹ ẹ́." Iná kọ́ ló jẹ ẹ́ o. Ẹni tó jẹ ẹ́ wà níbẹ̀, a sì lè ṣírò rẹ̀ bí a ṣe ń ṣírò gbèsè oníbàárà.

Ẹ fojú inú wo ìyá oníyán kan ní Ìlú-Àbò, lẹ́bàá Àkúrẹ́. Ìsọ̀ rẹ̀ kò jìnnà sí títì. Láti aago mẹ́fà àárọ̀ ló ti dáná. Ìkòkò alumí ńlá ló gbé kaná, omi lítà mẹ́wàá ló wà nínú rẹ̀, kò sì dé e. Omi ń hó yèè, èéfín funfun gba gbogbo ìsọ̀ kan, iṣu ń ta gìdìgìdì nínú omi, ìyá sì ń kógi sí i. Bàbá alágbẹ̀dẹ tí ìsọ̀ tirẹ̀ wà lódìkejì wá fẹ́ jẹun. Ó dúró, ó ń wo iná.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Ìyá Oníyán."

"Ẹ kú àárọ̀, Bàbá. Ẹ jókòó, kò ní pẹ́ jinná."

"Igi tí ẹ ń kó sí i yìí mà pọ̀ o. Àbí ọkọ́ lẹ fẹ́ rọ ni?"

Ìyá rẹ́rìn-ín. "Ẹ jẹ́ kó hó dáadáa, Bàbá. Bí omi bá ṣe ń hó kíkan kíkan tó ni iṣu ṣe ń yá jinná tó."

Ibẹ̀ gan-an ni àṣìṣe wà, àṣìṣe náà sì ń mú owó lápò ìyá lójoojúmọ́ tí Ọlọ́run dá. Ọmọ rẹ̀ obìnrin tó wà ní SS 2, tó ń gé ẹ̀fọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, gbọ́ ọ. Ó kúnlẹ̀ kó tó sọ̀rọ̀, torí pé àgbà méjì ló wà níbẹ̀.

"Ẹ má bínú, Màmá. Olùkọ́ wa ní bí omi bá ti hó, ó ti hó náà nìyẹn. Kò tún lè gbóná ju bẹ́ẹ̀ lọ mọ́ nínú ìkòkò tí a kò dé pa."

"Ṣé o fẹ́ kọ́ mi ní iyán gígún ni?"

"Rárá, Màmá. Owó igi yín ni mò ń sọ."

Bí ọmọdé bá sọ̀rọ̀ owó, àgbà á tẹ́tí. Ìyá ní kó máa wí.

GBÍGBÓNÁ Ọ̀TỌ̀, OORU Ọ̀TỌ̀

Ohun àkọ́kọ́ tó yẹ kéèyàn dì mú ni pé, bí nǹkan ṣe gbóná tó, ọ̀tọ̀ ni. Iye ooru tó gbé mì kó tó gbóná dé ibẹ̀, ọ̀tọ̀ ni. Iná wẹ́wẹ́ tó ń ta pàrà lára irin alágbẹ̀dẹ gbóná ju omi híhó lọ fíìfíì. Síbẹ̀, ó máa ń bà sí i lọ́wọ́, á kàn ta á díẹ̀, á sì kú. Ṣùgbọ́n bí korobá omi híhó bá dà séèyàn lára, ọ̀rọ̀ ti di ti ọsibítù. Iná wẹ́wẹ́ yẹn gbóná lóòótọ́, ṣùgbọ́n ooru tó wà lápò rẹ̀ kò tó nǹkan. Omi ló ní ooru lápò.

Ẹni tó bá ti gun òkè Ìdànrè lọ́sàn-án gangan nígbà ẹ̀ẹ̀rùn mọ ohun tí à ń wí. Àpáta á gbóná débi pé ẹlẹ́sẹ̀ lásán kò ní lè dúró lé e. Ṣùgbọ́n gbé korobá omi síbẹ̀ láti àárọ̀, kí oòrùn kan náà pa á, lọ́sàn-án yẹn wàá ti ọwọ́ bọ̀ ọ́, kò ní jó ọ. Oòrùn kò ṣojúsàájú. Àpáta ni oúnjẹ díẹ̀ ti ń yó, omi ni alájẹkì. Ó lè máa gbé ooru mì, kó má hàn lójú rẹ̀.

Nǹkan kọ̀ọ̀kan ló ní iye ooru tí kílò kan rẹ̀ máa ń gbà kó tó fi dígírì kan péré gbóná sí i. Òun làwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń pè ní specific heat. Bí a ṣe ń fi kílò wọn ẹran, tí a ń fi lítà wọn epo, bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ń fi júùlù wọn ooru. Ẹgbẹ̀rún júùlù ni kílójúùlù kan. Orúkọ èèyàn ni wọ́n fi sọ ọ́: James Prescott Joule, ará Íńgílándì, tí wọ́n bí ní 1818, ọmọ apọntí. Òun ló fi han aráyé láàárín ọdún 1840 sí 1850 pé iṣẹ́ tí a fi ọwọ́ tàbí ẹ̀rọ ṣe àti ooru, ọ̀kan náà ni wọ́n, a sì lè fi òṣùwọ̀n kan wọn àwọn méjèèjì.

Iye tí kílò kọ̀ọ̀kan ń gbà fún dígírì kan nìyí:

Omi, kílójúùlù 4.2.
Epo tí a fi ń dín nǹkan, nǹkan bíi 2.
Alumí, 0.9.
Òkúta bíi ti Ìdànrè, nǹkan bíi 0.8.
Irin, 0.45.
Bàbà, 0.39.

Ẹ wò ó dáadáa. Omi ń gba ìlọ́po méjì ohun tí epo ń gbà, ó ń gba ìlọ́po márùn-ún ti òkúta, ó sì ń gbà ju ìlọ́po mẹ́sàn-án ti irin lọ. Nínú gbogbo ohun tí ìyá olóúnjẹ ń gbé kaná, kò sí èyí tó lè jẹ ooru bí omi.

ÌṢIRÒ IGI ÌYÁ ONÍYÁN

Ìṣirò rẹ̀ kò ṣòro. Nǹkan mẹ́ta la ó sọ di púpọ̀ pẹ̀lú ara wọn: kílò mélòó ni nǹkan náà, èló ni kílò kan rẹ̀ ń gbà, dígírì mélòó ló sì fi gbóná sí i. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó bá lè ṣírò dérìká gàrí mẹ́fà ní iye báyìí lórí dérìká kan, á ṣe é.

Ọmọ náà mú èédú, ó kọ ọ́ sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Omi lítà mẹ́wàá jẹ́ kílò mẹ́wàá. Omi tútù àárọ̀ wà ní nǹkan bíi dígírì 25, ó sì máa ń hó ní 100. Nítorí náà, dígírì 75 ló ní láti gùn. 10 lọ́nà 4.2 lọ́nà 75 jẹ́ kílójúùlù 3,150.

"Ìkòkò fúnra rẹ̀ ńkọ́? Ṣebí òun náà ń gbóná," Bàbá Alágbẹ̀dẹ béèrè.

"Òótọ́ ni, Bàbá. Ká ní alumí yẹn jẹ́ kílò méjì. 2 lọ́nà 0.9 lọ́nà 75, kò ju 135 lọ. Èrò tó wọkọ̀ láìsanwó ni, kò gba àyè púpọ̀."

Kí wá ni 3,150 lójú igi? Kílò kan igi tó gbẹ dáadáa ní nǹkan bíi kílójúùlù 16,000 nínú. Ṣùgbọ́n lórí ààrò olókùúta mẹ́ta tó ṣí sílẹ̀ gbayawu, afẹ́fẹ́ ló ń gbé èyí tó pọ̀ jù lọ. Ká ní ìdá kan nínú mẹ́jọ ló wọ inú ìkòkò, èyí tí kò jìnnà sí ohun tí àwọn tó wọ̀n ọ́n rí, á jẹ́ pé 2,000 péré la rí gbà lórí kílò igi kan. Nítorí náà, kí omi yẹn tó hó, igi tó ju kílò kan ààbọ̀ díẹ̀ ti jó, yàtọ̀ sí ti iṣu fúnra rẹ̀.

Ìyá ní, "Ìyẹn ò pọ̀. Igi tí mò ń dá ju bẹ́ẹ̀ lọ."

"Èyí tó kù ló wà lókè yẹn, Màmá." Ọmọ náà nawọ́ sí èéfín funfun tó ń jáde lójú ìkòkò.

GBÈSÈ ABẸ́LẸ̀

Èéfín funfun yẹn kì í ṣe èéfín igi. Omi ni, omi tó ti di afẹ́fẹ́. Kí omi híhó tó lè fi ìkòkò sílẹ̀ kó di afẹ́fẹ́, ó ní owó ọ̀nà tó gbọ́dọ̀ san, owó náà kò sì kéré. Kílò omi kọ̀ọ̀kan ń gba nǹkan bíi kílójúùlù 2,260 kó tó lè lọ. Ohun tó sì yani lẹ́nu ni pé ní gbogbo àkókò tó ń gbà á yìí, kò ní fi dígírì kan péré gbóná sí i. 100 ló wà, 100 náà ni yóò wà.

Ẹni tó kọ́kọ́ fi ìṣirò tú àṣírí yìí ni Joseph Black, tó ń kọ́ni ní Yunifásítì Glasgow nílẹ̀ Skọ́tílándì ní nǹkan bí ọdún 1760. Ó gbé omi kaná, ó ń wo aago. Ó rí i pé kí omi hó, kò pẹ́; ṣùgbọ́n kó tó gbẹ tán lórí iná kan náà, ó pẹ́ gan-an, bẹ́ẹ̀ ni kò sì gbóná sí i. Ó ní ooru yẹn kò ṣòfò, ó sá pamọ́ sínú èéfín omi ni. Àwọn tó ń pọn ògógóró lọ́nà Òkìtìpupa àti Ìlàjẹ mọ èyí láìlọ sí yunifásítì. Bí èéfín ọtí bá ń gba inú páìpù kọjá nínú omi tútù, tó ń padà di ọtí, omi tútù náà á gbóná, débi pé wọ́n gbọ́dọ̀ máa pààrọ̀ rẹ̀. Ooru tó sá pamọ́ ló jáde síbẹ̀.

Ó dáa, kí ni èyí kàn ìyá oníyán? Ká ní kí iṣu tó jinná, lítà méjì nínú omi rẹ̀ ti bá afẹ́fẹ́ lọ. 2 lọ́nà 2,260 jẹ́ 4,520. Ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ 3,150 ti àkọ́kọ́. Ooru tó fi lé lítà omi méjì jáde ju ooru tó fi mú gbogbo lítà mẹ́wàá hó lọ! Igi tó lé ní kílò méjì ló bá ẹyẹ fò lọ, bẹ́ẹ̀ ni iṣu kò mọ̀ ọ́n, oníbàárà kò jẹ ẹ́.

Àwọn tó ń dáná gáàsì kó má rò pé ọ̀rọ̀ yìí kò kàn wọ́n. Kílò gáàsì kan ní nǹkan bíi kílójúùlù 46,000. Ká ní ìdajì rẹ̀ wọ inú ìkòkò, lítà omi méjì tó bá afẹ́fẹ́ lọ yẹn ti gbé nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún kílò gáàsì dání. Lóòjọ́, ó kéré lójú. Ní ọgọ́ta ọjọ́, ó di kílò méjìlá. Ẹ̀yin tó ń lo sílíńdà oníkílò méjìlá ààbọ̀, ẹ gbọ́ bí? Sílíńdà kan fẹ́rẹ̀ẹ́ lọ tán láàárín oṣù méjì lórí èéfín nìkan.

Kí wá ni ṣíṣe? Àkọ́kọ́, ẹ dé ìkòkò. Ọmọrí máa ń dá èéfín padà sínú omi, gbèsè rẹ̀ á sì padà wọlé. Ìkejì, bí omi bá ti hó, ẹ fa igi jáde, ẹ fi díẹ̀ sílẹ̀, kó kàn máa hó wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Iṣu kò mọ híhó yèè yàtọ̀ sí híhó wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Dígírì 100 kan náà ló ń sè é. Ìkẹta, ẹ má bu omi ju èyí tó bo iṣu lọ, torí gbogbo lítà tí ẹ bù kún un ló máa gba 315 tirẹ̀ kó tó hó.

Ọ̀tá tó ń jẹ owó igi yìí náà lè ṣe wá lóore. Kí ló ń mú omi inú àmù tutù? Àmù a máa làágùn. Omi díẹ̀ a yọ sára rẹ̀, a sì bá afẹ́fẹ́ lọ, ara omi tó kù nínú àmù ló ti ń gba owó ọ̀nà rẹ̀. Ìdá kan nínú mẹ́wàá kílò omi tó gbẹ lára àmù lè fi dígírì márùn-ún mú lítà mẹ́wàá tutù. Ọgbọ́n yìí ni Mohammed Bah Abba, olùkọ́ kan lókè Ọya, lò ní 1995. Ó ki ìkòkò amọ̀ bọ inú ìkòkò amọ̀, ó fi iyanrìn tútù sáàárín wọn, àwọn ọlọ́jà sì ń kó tòmátò àti ata sí i kó má tètè bà jẹ́. Wọ́n fún un ní ẹ̀bùn Rolex lórí rẹ̀ ní ọdún 2000. Lágbègbè Àkúrẹ́, ìgbà ọyẹ́ ló máa ń ṣiṣẹ́ jù, torí afẹ́fẹ́ gbígbẹ ló ń tètè gba omi.

IRIN BÀBÁ ALÁGBẸ̀DẸ

Bàbá Alágbẹ̀dẹ kò jẹ́ kí ọmọ náà sinmi. "Ti omi lẹ ń wí látàárọ̀. Irin tèmi ńkọ́? Àdá tó pọ́n yòò, tí mo ti bọ inú omi, omi á pariwo ṣàà, síbẹ̀ mo máa ń fi omi yẹn fọwọ́."

"Bàbá, ẹ fọwọ́ tán kẹ́ ẹ tó béèrè," ni ìyá fèsì, gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín.

Ọmọ náà tún ṣírò. Àdá kílò kan tó pọ́n dé dígírì 800 wọ inú lítà omi mẹ́wàá tó wà ní 25. 1 lọ́nà 0.45 lọ́nà 775, nǹkan bíi 350 nìyẹn. Omi kílò mẹ́wàá ń gba 42 fún dígírì kọ̀ọ̀kan. Pín 350 sí ọ̀nà 42, mẹ́jọ àti díẹ̀ ni. Lóòótọ́, irin máa ń gbà ju 0.45 lọ bó bá ti pọ́n, torí náà ó lè di mẹ́wàá tàbí mọ́kànlá. Síbẹ̀, omi yẹn kò ní ju lílọ́wọ́ọ́wọ́ lọ. Irin tó gbóná tó bẹ́ẹ̀, ooru tó wà lápò rẹ̀ kò lè dá omi láàmú. Ìdí náà nìyí tí ẹwìrì fi ń tètè mú irin pọ́n: ohun tó ń gbà kéré.

EPO KÌ Í KÌLỌ̀

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti kúrò ní ti owó, tó di ti ẹ̀mí, rèé. Ẹ̀yin alákàrà, oníyánrin dòdò, ẹlẹ́ja díndín, ẹ súnmọ́ bí.

Omi kílò kan láti 25 dé 100 ń gba 315. Epo kílò kan láti 25 dé 175, níbi tí àkàrà ti ń dín, jẹ́ 2 lọ́nà 150, ìyẹn 300. Ẹ rí nǹkan? Epo ti gbóná kọjá omi híhó pẹ̀lú dígírì 75, síbẹ̀ kò tíì jẹ ooru tó ti omi. Iná tí ẹ fi ń fara balẹ̀ retí kí omi hó, epo kò ní fi bẹ́ẹ̀ dúró lórí rẹ̀ kó tó di ewu.

Ohun tó burú jù ni pé omi ní ìdúró, epo kò ní. Bí omi bá dé 100, á hó, á pariwo, kò sì ní kọjá ibẹ̀. Epo kì í hó. Ariwo tí ẹ ń gbọ́ nínú agbada nígbà tí àkàrà bá wọ epo, omi inú àkàrà ló ń hó, epo kọ́. Epo fúnra rẹ̀ á dákẹ́ rọ́rọ́, á máa gùn lọ, 200, 250. Ìkìlọ̀ kan ṣoṣo tó ní ni èéfín. Bí epo bá ti ń rú èéfín, ẹ pa iná tàbí kí ẹ fa igi jáde lójú ẹsẹ̀. Ẹ má fi agbada epo sílẹ̀ lórí iná lọ ṣẹ́ owó fún oníbàárà.

Bó bá wá gbiná ńkọ́? Ẹ MÁ BU OMI SÍ I. Omi wúwo ju epo lọ, yóò rì sábẹ́. Níbẹ̀, á di èéfín lẹ́ẹ̀kan náà, lítà omi kan sì lè di nǹkan bí ẹgbẹ̀jọ (1,600) lítà èéfín. Èéfín yẹn á gbé epo tó ń jó fò sókè, á dà á sára èèyàn, á dà á sára òrùlé. Ọmọrí tàbí tíréè onírin ni kí ẹ rọra fi bò ó láti ẹ̀gbẹ́, kí afẹ́fẹ́ má wọ ibẹ̀ mọ́. Bí ẹ bá lè pa iná ìsàlẹ̀, ẹ pa á. Ẹ má gbé agbada náà sáré jáde. Ẹ fi ọmọrí sílẹ̀ lórí rẹ̀ títí yóò fi tutù.

OMI ÌWẸ̀ ỌMỌ

Ní Ìkógòsì, tó wà lábẹ́ Ìpínlẹ̀ Oǹdó kí wọ́n tó dá Ìpínlẹ̀ Èkìtì sílẹ̀ lọ́jọ́ kìíní oṣù kẹwàá ọdún 1996, omi gbígbóná kan ń sun láti inú ilẹ̀, omi tútù kan sì ń ṣàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Àwọn méjèèjì pàdé, wọ́n di ọ̀kan. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ náà ló ń ṣẹlẹ̀ nínú ọpọ́n tí a fi ń wẹ ọmọ. Ooru tí omi gbígbóná pàdánù gan-an ni omi tútù jèrè, kò lé, kò dín, bí a bá yọ díẹ̀ tí afẹ́fẹ́ àti ọpọ́n gbà.

Ìyá ọmọ tó bu ife omi híhó mẹ́ta, tó fi ife omi tútù mẹ́fà là á, lè rò pé òun ti là á dáadáa. Ẹ ṣírò rẹ̀: mẹ́ta lọ́nà 100 jẹ́ 300, mẹ́fà lọ́nà 25 jẹ́ 150. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 450. Pín in sí ife mẹ́sàn-án, dígírì 50 ni. Omi dígírì 50 lè bó ọmọ ọwọ́ lára láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Èyí tó bá ọmọ lára mu ni nǹkan bíi 37. Ife omi híhó kan sí ife omi tútù márùn-ún ló ń fúnni ní 37 ààbọ̀. Kan sí márùn-ún, ẹ má gbàgbé. Omi tútù ni kí ẹ kọ́kọ́ dà sínú ọpọ́n, kí gbígbóná tó tẹ̀ lé e, kí ẹ sì fi ìgúnpá dán an wò kí ọmọ tó wọ̀ ọ́.

BÍ ÈÉFÍN TÀBÍ OMI GBÍGBÓNÁ BÁ BÓ ÈÈYÀN

Ọ̀pọ̀ rò pé èéfín ìkòkò kò lágbára tó omi híhó. Ìṣirò kò gbà bẹ́ẹ̀. Bí gíráàmù omi híhó kan bá kan ara, tó sì tutù dé ìwọ̀n ara ènìyàn, júùlù bíi 265 ló fi sílẹ̀. Ṣùgbọ́n bí gíráàmù èéfín omi kan bá kan ara, á kọ́kọ́ san gbèsè abẹ́lẹ̀ yẹn padà, júùlù 2,260, kó tó fi 265 lé e. Ó lé ní ìlọ́po mẹ́sàn-án. Nítorí náà, bí ẹ bá fẹ́ ṣí ìkòkò, ẹ gbé ọmọrí láti ẹ̀gbẹ́ tó kọjú síta, kí èéfín gba ọ̀dọ̀ ibòmíràn lọ, kó má gba ojú yín.

Bí ara bá bó, ooru ṣì wà nínú ẹran ara tó ń jó o lọ. Ohun tó lè fà á jáde kíákíá ni alájẹkì wa, omi. Omi tútù tó ń ṣàn, láti ẹ̀rọ tàbí láti inú kẹ́tùrù, ni kí ẹ máa dà sí i fún ogún ìṣẹ́jú. Ẹ bọ́ òrùka àti aṣọ tó wà níbẹ̀, àyàfi èyí tó bá ti lẹ̀ mọ́ ara. Lẹ́yìn náà, kí ẹ fi aṣọ mímọ́ bò ó fẹ́rẹ́fẹ́rẹ́, kí ẹ sì gba ọsibítù lọ, pàápàá bó bá jẹ́ ọmọdé, tàbí tó bá kan ojú, ọwọ́ tàbí abẹ́. Ilé ìwòsàn Yunifásítì ìmọ̀ ìṣègùn UNIMED wà ní Oǹdó, ó sì wà ní Àkúrẹ́.

Epo pupa kọ́, ẹyin tútù kọ́, ọṣẹ ìfọyín kọ́, iyọ̀ kọ́. Áìsì náà kọ́, torí òun náà ń pa ẹran ara. Ẹ̀yin tí wọ́n ti kọ́ pé epo pupa ni àtètèṣe, ẹ padà wo iye epo lókè yẹn: ìdajì ti omi ló ń gbà, kì í sì í ṣàn lọ gbé ooru dànù. Ńṣe ló máa bo ooru mọ́ ara.

Ká padà sí Ìlú-Àbò. Ìyá oníyán wo ìṣirò tí ọmọ rẹ̀ fi èédú kọ sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó wo èéfín tó ń lọ sókè, ó mí kanlẹ̀. Kò sọ̀rọ̀. Ó dìde, ó mú ọmọrí, ó dé ìkòkò, ó fa igi ńlá méjì jáde, ó fi iyanrìn pa wọ́n.

"Àtọdún mélòó ni mo ti ń ta iyán fún afẹ́fẹ́ báyìí?" ló béèrè.

Bàbá Alágbẹ̀dẹ ní, "Ẹ má dààmú, Ìyá. Gbèsè tó ti lọ ti lọ. Ẹ ṣáà fi ẹran kan lé iyán tèmi, torí èmi ni mo kọ́kọ́ béèrè nípa igi yín."

"Ọmọ mi ló ṣírò, Bàbá. Òun ni mo máa fi ẹran lé tirẹ̀."

Ẹ̀yin ìyá wa lọ́jà Ọba l'Ákùúrẹ́, ẹ̀yin tó ń dáná ní Oǹdó àti Ìdànrè, ẹ̀yin oníṣọ́nà gbogbo, kílò, iye tó ń gbà, dígírì: mẹ́ta péré ni. Ẹni tó bá mọ mẹ́ta náà, igi rẹ̀ á pẹ́, ọmọ rẹ̀ á wẹ̀ láìbó, ilé rẹ̀ kò sì ní gbiná. Iná kò ní jó wa o.